Lívù mi lórí omi: bí mo ṣe ń kọ́ ẹja pípa nínú káyáàkì ní Galveston

Sátidé

Lívù mi bẹ̀rẹ̀ lónìí, mo sì ti kìlọ̀ fún wọn nílé pé tí wọn ò bá rí mi kí wọ́n má pe ibi iṣẹ́ mi o, ojú omi ni kí wọ́n wá mi lọ. Àǹtí mi kan ló kó mi sí i. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Houston yìí náà la jọ wà, wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa, síbẹ̀ wọ́n ń dá gbé káyáàkì wọn, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà, sórí mọ́tò, ọ̀pá ìwọ̀ lẹ́yìn, kúlà lẹ́yìn, ó di Galveston létí òkun. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti night shift dé tí ojú mi ń ro mí, fọ́tò ẹja wọn ló máa ń kọ́kọ́ wọlé sórí WhatsApp mi. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára, èmi náà fẹ́.

Àlòkù ni káyáàkì tí mo rà, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, irú èyí tí èèyàn ń jókòó sórí ẹ̀ dípò kó ki ẹsẹ̀ bọnú ihò. Àǹtí ló ní irú ẹ̀ ni kí n wá, torí ihò kéékèèké wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tí omi tó bá dà sórí ẹ̀ ń gbà jáde fúnra ẹ̀, tó bá sì dojú dé èèyàn á kàn yí i padà ni, kò sí pé à ń fi abọ́ gbọ́n omi. Ó wúwo ṣá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ẹni tó tà á fún mi fẹ́ kí n ra ẹ̀rọ tó ń fi ẹja hàn lójú screen mọ́ ọn, mo sọ fún Àǹtí, wọ́n pòṣé. "Omi tí ò ní dé ìbàdí ẹ lo fẹ́ máa fi tẹlifíṣọ̀n wò? Lọ ra láífù jákẹ́ẹ̀tì tó dáa, kó o ra àjẹ̀ tó fúyẹ́, ìyókù á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀."

Jákẹ́ẹ̀tì yẹn, òfin Texas ní kó wà nínú ọkọ̀ fún olúkúlùkù, àmọ́ àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 13 nìkan ló di dandan fún pé kí wọ́n wọ̀ ọ́ sára, àgbàlagbà lè gbé tiẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àǹtí ò gba ìyẹn rárá. Wọ́n ní èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, omi ló máa gbé e lọ, ìwọ náà á sì máa wò ó. Fèrè náà gbọ́dọ̀ wà, mo so tèmi mọ́ àyà. Láísẹ́ńsì ẹja omi iyọ̀, dọ́là 35 ni fún ará Texas, ìgbà yòówù kó o rà á, ìparí oṣù kẹjọ ló ń kú, ẹni tó bá gbọ́n á tètè rà á lóṣù kẹsàn-án kó lè jẹ ẹ́ pẹ́.

Sọ́ńdè

A ò tíì jẹ ráìsì tán lẹ́yìn ìsìn tí Àǹtí fi ní ká gbéra. Wọ́n ti lọ bẹ tọkọtaya kan níjọ wa tó ní súwímìn púùlù lẹ́yìn ilé wọn ní Pearland, ibẹ̀ la gbé káyáàkì lọ, torí Àǹtí ní àwọn ò ní mú ẹni tí ò tíì mọ bó ṣe máa padà sórí ọkọ̀ lọ sójú ọ̀sà. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn ọmọ ìjọ ti yí púùlù ká, fóònù lókè, gbogbo wọn fẹ́ rí àgbàlagbà tó fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú sómi.

Bó ṣe rí nìyí. Tí káyáàkì bá dojú dé, ọwọ́ kan ò gbọ́dọ̀ kúrò lára ẹ̀, torí ọkọ̀ òfìfo, afẹ́fẹ́ tètè ń gbé e sá ju èèyàn tó wà nínú omi lọ. Kó o lọ sí àárín ẹ̀, kó o na ọwọ́ kọjá lórí ìdí ẹ̀, kó o di etí kejì mú, kó o fà á bọ̀ sọ́dọ̀ ara ẹ, á yí padà. Ìgbà yẹn ni kó o jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ léfòó lẹ́yìn, kó o máa fi ta omi, kó o fi àyà wọ́ gorí ẹ̀ títí ikùn á fi dé òdìkejì, kó o wá yí dojú sókè, ìdí bọ́ sórí ìjókòó, ẹsẹ̀ ló máa gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi agbára apá nìkan fa ara ẹ̀ gòkè, ọkọ̀ á tún dà á sómi padà. Ẹsẹ̀ lagbára wà. Àǹtí ní kí n ṣe é títí, wọ́n ní kí n dijú ṣe é, wọ́n wá kó igo omi àti bàtà sórí ọkọ̀ kí n rí bí wọ́n á ṣe fọ́n ká. "Gbogbo nǹkan tí o ò bá so mọ́ ọkọ̀, ti omi ni."

Àwọn tó ń kọ́ni lórí YouTube, ọ̀pá àti ríìlì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé. Tèmi ni pé púùlù yìí ló yẹ kó ṣáájú gbogbo ẹ̀. Ìgbà tí mo mọ̀ pé mo lè padà sórí ọkọ̀ ni ara mi tó balẹ̀.

Mọ́ńdè

Armand Bayou, ní apá Pasadena, kò jìnnà síbi tí àwọn NASA wà. A ò mú ọ̀pá ìwọ̀ kankan lọ, ọkọ̀ wíwà lásán la lọ kọ́. Omi ibẹ̀ tútù pẹ̀sẹ̀, igi bò ó lápá méjèèjì, afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà wọlé.

Ohun tí mo ń rò ni pé apá ni wọ́n fi ń wa káyáàkì, wọ́n ní ó tì o, ara ni wọ́n ń yí, láti ìbàdí, àjẹ̀ á wọ omi nítòsí ẹsẹ̀, á sì jáde nígbà tó bá dé ẹ̀gbẹ́ ìdí, kó o má jẹ́ kó lọ sẹ́yìn jù, ìgbà tó bá lọ sẹ́yìn jù ni orí ọkọ̀ máa ń yà. Kó o má sì fún ọwọ́ mọ́ àjẹ̀ bí ẹni di ọmọ mú lójà Oshòdì. Ìgbà tí mo dẹwọ́ ni èjìká mi sinmi.

A rí ọ̀nì kan, àlígétọ̀ tiwọn níbí, ó nà sórí ẹrẹ̀, kò ṣe bí ẹni rí wa. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká padà." Wọ́n ní, "Ṣé ó bá ẹ jà ni? Gba òdìkejì omi kọjá, má lọ wò ó lójú." A kọjá. Ọkàn mi kàn ń sáré.

Túsìdeè

Ẹja dé o.

Aago márùn-ún ààbọ̀ la ti wà lórí ọ̀nà márosẹ̀ 45, ó tó máìlì àádọ́ta láti Houston dé Galveston, òkùnkùn ṣì ṣú. A dúró ra edé alààyè lójú ọ̀nà, ẹni tó ń tà á fi àwọ̀n gbọ́n wọn sínú báàkẹ́ẹ̀tì tó ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kí wọ́n má bàa kú. Galveston Island State Park wà lápá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà, ẹ̀gbẹ́ kan kọjú sí òkun gan-an, ẹ̀gbẹ́ kejì kọjú sí ọ̀sà tí wọ́n ń pè ní West Bay. Ìjì Ike ba ibẹ̀ jẹ́ gidi lọ́dún 2008. Apá ọ̀sà la lọ, ibi tí koríko àti ẹrẹ̀ wà, omi pín sí ọ̀nà tóóró tóóró láàárín koríko.

Kí a tó gbé ọkọ̀ sómi, Àǹtí dúró, wọ́n kọjú sí afẹ́fẹ́, wọ́n yọ fóònù. Gúúsù ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́, máìlì mẹ́jọ ní wákàtí kan, áàpù ní tó bá fi máa dọ̀sán ó máa tó máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. "Ibo la máa lọ?" Mo na ọwọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, ó ṣáà rọrùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tó o bá lọ síbẹ̀ láàárọ̀ tí ara ẹ ṣì le, lọ́sàn-án tó bá ti rẹ̀ ẹ́ tí afẹ́fẹ́ sì ti le, ta ló máa wà ẹ́ padà? Ńṣe lèèyàn ń kọ́kọ́ forí lé afẹ́fẹ́, kó lè gbé e bọ̀ wálé. Mo ti ń kà nípa káyáàkì láti bí oṣù mélòó kan, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kọ, irú ìwọ̀, irú okùn, àwọ̀ ìjẹ, ọ̀rọ̀ kan yìí tó lè dá ẹ̀mí sí, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń jù ú sí.

Bí wọ́n ṣe ń pẹja níbí: kọ́ọ̀kì kan wà tí orí ẹ̀ jin sínú, ẹ so okùn bí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ sábẹ́ ẹ̀, ìwọ̀ nísàlẹ̀, edé lẹ́nu ìwọ̀. Ẹ jù ú, ẹ dúró díẹ̀, ẹ fa ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan, kọ́ọ̀kì á dún "pọ̀ọ́kù", ẹja tó wà nítòsí á rò pé ẹlòmíràn ti ń jẹun, òun náà á sáré wá. Ojúkòkòrò pa ẹja.

Àrọ̀ òkun ni mo kọ́kọ́ fà jáde, hardhead ni wọ́n ń pè é. Inú mi dùn, mo fẹ́ nawọ́ sí i, Àǹtí pariwo mọ́ mi láti ọ̀ọ́kán. Ẹ̀gún mẹ́ta ló ní, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lápá kọ̀ọ̀kan, oró wà lára wọn, ó lè gún bàtà wọlé. Píláyà gígùn ni wọ́n fi ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹ̀, kó máa bá tiẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ìlera wa sì jẹ́ ká mọ èyí tó burú ju ẹ̀gún lọ: bakitéríà kan wà nínú omi iyọ̀ tó bá lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, Vibrio vulnificus, ó lè gba ojú ọgbẹ́ wọlé, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ò dáa tàbí tó ní àtọ̀gbẹ ni kó ṣọ́ra jù. Èmi àti Àǹtí ò ń sọ̀kalẹ̀ láìwọ bàtà, torí ọ́yístà nísàlẹ̀ omi mú bí abẹ, tí nǹkan bá sì gé wa, ọṣẹ àti omi mímọ́ lójú ẹsẹ̀, ká tún máa ṣọ́ ọ.

Àǹtí mú trout kan tó tó ínǹṣì mẹ́tàdínlógún, wọ́n gbé e sínú kúlà, torí 15 sí 20 ni òfin gbà. Redfish kan wá sọ́dọ̀ èmi, ó kéré, kò tó 20 tí òfin ní kí tiẹ̀ tó, mo dá a padà. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, omi ti ń ṣe fúnfun lórí, a yí padà, afẹ́fẹ́ sì gbé wa wálé bí wọ́n ṣe wí, mo kàn ń fi àjẹ̀ tọ́ ọkọ̀ sọ́nà ni.

Ọkọ mi tẹ mẹ́séèjì: "Ẹja ń bákàn?" Mo ní kò sí ẹja, kò sí akàn, àrọ̀ ló wà, a sì ti dá a sílẹ̀.

Wẹ́sìdeè

Otútù dé láti àríwá, afẹ́fẹ́ ń pariwo lójú fèrèsé, òjò pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó ń lọ ibì kankan.

Màmá mi pè láti Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ti gbọ́. "Ṣé ẹja ti tán lọ́jà yín ni?" Mo ní rárá, Ìyá mi, eré ni. "Eré. Ẹja pípa ti deré. Kí lọkọ ẹ wí?" Mo ní wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí léèrè tó yà mí lẹ́nu, wọ́n ní ọkọ̀ náà, ṣé ìdúró ni àbí ìjókòó? Mo ní ìjókòó. Wọ́n ní báwo lo ṣe wá ń rí ẹja? Bàbá tó bí àwọn, ìdúró ló ń wà lórí ọkọ̀, tó ń fi ọ̀pá ti ilẹ̀, ẹni tó bá jókòó, ojú omi nìkan ló ń rí. Mo sọ fún Àǹtí, wọ́n ní, "Màmá ẹ mọ̀ ọ́n," àwọn náà máa ń dìde dúró lórí tàwọn tí omi bá rọ̀. Èmi ò tíì débẹ̀.

Mo lo ọ̀sán níbi okùn síso, Àǹtí sì ń sọ ìtàn redfish fún mi lórí fóònù. Wọ́n ní láyé ọjọ́un ó kù díẹ̀ kí wọ́n pa á tán. Lọ́dún 1981 ni ìjọba Texas fòfin de títa redfish àti trout tí wọ́n bá mú nínú omi ìpínlẹ̀ náà. Láàárín àwọn ọdún 1980 yẹn náà ni alásè kan ní New Orleans, Paul Prudhomme, sọ redfish tí wọ́n fi ata pa lára títí á fi dúdú lórí iná di nǹkan tí gbogbo Amẹ́ríkà ń wá, ni ogun bá tún dé bá ẹja ní Gulf, òkun tó kọjú sí Texas. Ní báyìí ìjọba ń sin ọmọ redfish, wọ́n ń dà wọ́n sínú ọ̀sà, ọ̀kan nínú ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni Sea Center Texas ní Lake Jackson. Òfin sì ni pé mẹ́ta lóòjọ́, láti ínǹṣì 20 sí 28, èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ káàdì ara láísẹ́ńsì ni wọ́n fi ń mú un, kì í ṣe gbogbo ìgbà. Àwọn ńlá yẹn ni ìyá àti bàbá tó ń bímọ, wọ́n lè lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Mo fara mọ́ òfin yìí gan-an. Ìbá wù mí kí wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún ọ̀sà tiwa, ká má máa ta ẹja tí ò tó ìka ọwọ́ lójú títì.

Tọ́sìdeè

Òjò dá, oòrùn yọ, mo rò pé à ń lọ pẹja. Àǹtí ní ẹ jẹ́ ká lọ wò ó ná, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ nílé.

Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ọ̀sà ti lọ. Ibi tí mo wa ọkọ̀ gbà lọ́jọ́ Túsìdeè, ẹrẹ̀ ni, akàn ń rìn lórí ẹ̀, òkìtì ọ́yístà yọ síta, àwọn ẹyẹ ń ṣa nǹkan jẹ káàkiri. Omi tó ń kún tó sì ń fà ní Galveston kò pọ̀, ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì lásán, ìyẹn ni afẹ́fẹ́ fi lágbára lórí ẹ̀ ju òṣùpá lọ: tí àríwá bá fẹ́ fún ọjọ́ kan, á gbá omi ọ̀sà jáde sínú òkun. Ẹni tó bá sì gbé káyáàkì wọ inú koríko lọ tí omi fi sá kúrò lábẹ́ ẹ̀, ẹrẹ̀ tó ń gbé èèyàn mì dé itan ló máa gbà wálé.

Ohun tí Àǹtí torí ẹ̀ mú mi wá kọ́ nìyẹn o. Wọ́n ní kí n yọ fóònù kí n máa ya fọ́tò. Gbogbo kòtò tí omi ṣì kù sí, gbogbo ọ̀nà tóóró tó jìn, gbogbo ibi tí òkìtì ọ́yístà wà, ó hàn kedere bí ẹni yọ ìdérí ìkòkò, èyí tí omi máa ń bò mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Wọ́n ní inú àwọn kòtò yìí ni ẹja sá sí, tí omi bá ń padà bọ̀, ẹnu wọn ló máa gbà. Mo ya fọ́tò títí bátìrì fi ń pariwo. Kò sẹ́ni tó máa fi ẹ̀rọ dọ́là ẹgbẹ̀rún kan hàn mí ju èyí lọ.

Fúráìdeè

Afẹ́fẹ́ ti rọ̀, máìlì márùn-ún, ó ti yí sí gúúsù, omi ti ń wọlé padà. A fi ọkọ̀ sómi lójúmọmọ, a forí lé afẹ́fẹ́, mo mọ ibi tí mo ń lọ: kòtò kan tó ṣẹ́ kọ́ọ́rọ́ lẹ́yìn òkìtì ọ́yístà, nọ́ńbà méje nínú fọ́tò mi.

Mi ò tíì débẹ̀ tí mo rí ìrù. Ìrù ẹja, ó yọ sókè omi, ó ń mì lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́, oòrùn ń tàn sí i lára, ó pọ́n bíi bàbà, àmì dúdú rìbìtì kan wà nídìí ẹ̀. Orí ẹ̀ wà nísàlẹ̀, ó ń tú ẹrẹ̀ wá akàn jẹ. Àǹtí fi ọwọ́ ṣe fún mi pé kí n dúró. Mo rọra ki ọ̀pá tó ń dá ọkọ̀ dúró, kì í ṣe ti ìwọ̀, bọ ẹrẹ̀ níhà ẹ̀yìn, mo so ọkọ̀ mọ́ ọn (ẹ̀yìn tàbí iwájú ni wọ́n ń so ó mọ́ o, ẹni tó bá so ọkọ̀ mọ́ nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú omi tó ń ṣàn, ńṣe ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dojú dé). Mo yọ kọ́ọ̀kì kúrò torí omi ò jìn, edé nìkan ló kù lẹ́nu ìwọ̀. Mo jù ú, kì í ṣe lé e lórí, iwájú ẹ̀ níbi tó ń lọ, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ìrù náà rì. Kò sí nǹkan kan. Mo ń ka ìṣẹ́jú àáyá nínú ikùn mi. Okùn kàn rọra rìn sápá ọ̀tún, bí ẹni tí ò kánjú, ó wá fà!

Ríìlì ń ké. Mo tú ọ̀pá ẹ̀yìn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ẹja sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ mi lọ, èmi, ọkọ̀, kúlà, gbogbo wa. Kò sóhun tó dà bíi kí ẹja máa wa èèyàn. Àǹtí ń kígbe lẹ́yìn: "Má fà á! Jẹ́ kó sáré! Ọ̀pá lókè! Ọ̀pá lókè, ọmọ yìí!" Mo jẹ́ kó sáré. Ó yí mi po, ó fẹ́ wọ inú ọ́yístà lọ gé okùn, mo fi ọ̀pá yí orí ẹ̀ padà, ó tún sáré, ó rẹ̀ ẹ́, ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí mo gbé e sórí itan, ó ń lu nǹkan nínú ikùn ẹ̀, gbì gbì gbì, mo ń gbọ́ ọ lára ọwọ́ mi. Ìbátan croaker tí a ń rà nínú freezer ní African store ni, ẹbí kan náà ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn ló ń dún bẹ́ẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí ìwọ̀n, ẹnu pa dé, ìrù pa pọ̀: ínǹṣì mẹ́rìnlélógún.

Àǹtí ò sọ pé o káre. Wọ́n wa ọkọ̀ wọn dé ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n wo ẹja, wọ́n wo ojú sánmọ̀, wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ ti ń gbéra, jẹ́ ká máa lọ."

Sátidé

Ọbẹ̀ ata ni mo fi ṣe, pẹ̀lú efinrin tó wà lẹ́yìn ilé. Ẹran ẹja náà ki, kì í fọ́ nínú ìkòkò. Mo fi vídíò pe Màmá mi kí wọ́n rí orí ẹ̀, wọ́n ní kí n yí i sápá ọ̀tún, kí n yí i sápá òsì, wọ́n ní ṣé òkúta funfun wà nínú orí ẹ̀ bíi ti apọ̀? Mo là á, òkúta méjèèjì wà níbẹ̀. Wọ́n ní ó dáa, ẹja gidi ni, kí n fún ọkọ mi lórí. Ọkọ mi ti jẹ orí ká tó parí ìpè.

Gbogbo ara ló ń ro mí, èjìká, ìbàdí, àtẹ́lẹwọ́. Mo ti fi omi tútù fọ iyọ̀ kúrò lára ríìlì, mo da ọkọ̀ dojú délẹ̀ sí gáréèjì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá, òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni mú flounder, ẹja pẹlẹbẹ kan, Àǹtí sì ní ẹja náà ń jáde lọ sókun báyìí, ẹnu àwọn kòtò yẹn náà ló ń gbà. Wọ́n ti fi fọ́tò áàpù afẹ́fẹ́ ránṣẹ́: Tọ́sìdeè, máìlì mẹ́fà, gúúsù. Mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi pààrọ̀ shift.